Fótò Ńlá fún Alààyè

Ní Massè, àti ní gbogbo àgbègbè Adja-Ouèrè, kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí fótò ńlá ń ṣe. Fótò kékeré ni ti alààyè: èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ káàdì ìdánimọ̀, èyí tí ọmọ ilé ìwé ń mú dání lọ fún ìdánwò, èyí tí wọ́n ń yà níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìsàmì. Àmọ́ èyí tó fẹ̀ bí ojú fèrèsé, tí wọ́n fi sínú férémù, tí gíláàsì bò, òkú ló ni ín. Òun ló máa ń ṣáájú pósí, òun náà ni wọ́n sì ń gbé kọ́ sí pálọ̀ nígbà tí wọ́n bá ti sin olúwarẹ̀ tán. Ẹ lè wọ gbogbo ilé tó wà láti Massè dé Oko-Akarè, ẹ ò ní rí alààyè kan tí ojú ara rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ lára ògiri. Nítorí náà, nígbà tí Oyèfúnkẹ́ ìyàwó Fábíyì sọ pé òun fẹ́ ya irú rẹ̀, tí ó sì ní ibi tí gbogbo ayé á ti máa rí i ni kí wọ́n gbé e kọ́ sí, ẹ̀yin náà mọ irú ariwo tó máa sọ.

Kì í ṣe pé orí Oyèfúnkẹ́ dàrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ò ṣàì sọ bẹ́ẹ̀. Epo pupa ló ń ṣe, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe é, ibi tó sì ti ń wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan kókó nínú ọmú òsì rẹ̀. Wọ́n ní wàrà ló dì síbẹ̀. Wàrà wo, fún ẹni tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti ń wa mọ́tò ní Kútọnù? Wọ́n fún un ní àgúnmu, wọ́n fún un ní ohun tí yóò máa fi para, kókó náà kò dá ẹnì kankan lóhùn. Nígbà tó wá gbéra lọ bá Cécile, agbẹ̀bí ilé ìwòsàn Adja-Ouèrè, Cécile kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án jẹ. Ó ní jẹjẹrẹ ni òun fura sí, ó sì ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kútọnù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé ọmú náà kúrò. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fún un ní oògùn tó mú gbogbo irun orí rẹ̀ re dànù.

Ohun tó dùn ún jù kọ́ nìyẹn. Nígbà tó padà dé Massè, ó rí i pé òun kò ṣàìsàn rí. Akíndèjì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí agbo ilé, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Lucien, ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé ó lọ kí Gildas ọmọ rẹ̀ ní Kútọnù ni, ó sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ àìsàn náà nínú ilé òun. Báyìí ni Oyèfúnkẹ́ ṣe ń gbé ìrora kiri láìsí ẹni tó lè kí i kú ìrọ́jú. Ẹ sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ ní abúlé, gbogbo ojúde ló ń mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láti òkèèrè. Àwọn kan ní ó ń ràn. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń mu omi nínú igbá kan tẹ́lẹ̀ so ife tirẹ̀ mọ́ etí aṣọ. Inú bí Oyèfúnkẹ́, inú náà kò sì rọ̀.

Cécile ló mú ọ̀rọ̀ fótò wá. Ó ní àwọn obìnrin kì í tètè wá, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ pátápátá ni wọ́n ń wá, nítorí pé wọn kò tíì fojú rí ẹnì kan tí jẹjẹrẹ mú tó sì ń rìn, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń bínú, tó ń rẹ́rìn-ín. Òun àti Ghislain, ayafótò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà Adja-Ouèrè, ti pinnu láti ya àwọn tó bá gbà, kí wọ́n ṣe fótò wọn ní ńlá, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu oníkálukú sísàlẹ̀ tirẹ̀, kí wọ́n sì gbé wọn kọ́ sí fàráńdà ibi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Bàbá kan ní Oko-Akarè gbà. Ìyàwó tíṣà kan gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ bí fótò náà yóò ti tóbi tó, ara wọn súnkì. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ti Ìyá Gildas kọ́ ná. Bí nǹkan kan kò bá ṣe é, àwọn náà yóò wá. Bí kò bá ṣeé ṣe fún un, kí wọ́n má dárúkọ àwọn síbẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ wá dá lé orí obìnrin kan ṣoṣo.

Akíndèjì pe ìpàdé ilé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo ní kí n sọ ìyẹn. Òun ló ń bójú tó ojúbọ àwọn baba wọn, òun ló ń parí ìjà, ojú rẹ̀ sì máa ń le koko nítorí pé ó gbà pé bí ojú òun bá rọ̀, ilé á tú. Ó ní ẹni tó bá gbé fótò ńlá ara rẹ̀ kọ́ nígbà tó wà láàyè, ikú ló ń júwọ́ pè. Oyèfúnkẹ́ ní ikú ti mọ ilé òun láìsí ẹni tó júwọ́ pè é. Ojú Akíndèjì le sí i. Ó ní bí wọ́n bá gbé fótò náà kọ́, tí wọ́n sì kọ orúkọ àìsàn yẹn sábẹ́ orúkọ ilé òun, kí ìyàwó Fábíyì wá ilé mìíràn tí yóò máa gbé. Fábíyì tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tí ohun kan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Adẹ́mu ni Fábíyì. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àfi bó bá wà lórí ọ̀pẹ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá, Oyèfúnkẹ́ jókòó, ó ń retí kí ó ní kí òun fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Fábíyì ń wá ibi tí yóò fi fìlà rẹ̀ kọ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Lọ yà á. Ṣùgbọ́n kí o jókòó dáadáa.” Oyèfúnkẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Ghislain wá bá a ní ibi tó ti ń ṣe epo, láàárín àwọn ọ̀pẹ. Ọmọ dáadáa ni Ghislain, ṣùgbọ́n ìnáwó òkú ló ń bọ́ ọ jù lọ, ó sì ti mọ́ ọn lára. Kò pẹ́ tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí Màmá na ọrùn, kí Màmá pa ẹnu dé, kí Màmá máa wo iwájú, kí Màmá má mira.

“Ghislain,” ni Oyèfúnkẹ́ wí, “ṣé ìwọ náà ti sin mí ni?”

Ojú ti ọmọkùnrin náà. Oyèfúnkẹ́ kò dúró gbọ́ bí ó ṣe ń tọrọ àforíjì. Ó tú gèlè orí rẹ̀, irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù bí ti ọmọ ọwọ́ sì hàn. Ó wá ki ọwọ́ bọ inú bùbá rẹ̀, ó fa àkísà tó máa ń ká sí ẹ̀gbẹ́ òsì jáde, èyí tó ń fi dọ́gba lójú àwọn ènìyàn láti ìgbà tó ti Kútọnù dé. Ó sọ ọ́ sórí òkúta. Bùbá náà wọlé níbi tí ọmú wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà á fún ìgbà díẹ̀, ó dàbí pé ó wà ní ìhòòhò láàárín oko. Lẹ́yìn náà ló tẹ ọwọ́ méjèèjì bọ inú agbada ẹyìn, ó ní kí Ghislain yà á bí òun ṣe wà yẹn. Nígbà tí fótò parí, ó sọ ìtàn rẹ̀ sínú fóònù ọmọkùnrin náà, kò pẹ́ púpọ̀, kò sì wá ọ̀rọ̀ ńlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyí. Fótò tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, Pobè ni Ghislain ti ń lọ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ojú obìnrin àgbà ni wọ́n rí, fótò ńlá ni wọ́n ní kí àwọn ṣe, kí ló tún kù? Wọ́n ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe gbogbo irú rẹ̀: wọ́n fi òdòdó funfun sí igun rẹ̀, wọ́n fi àbẹ́là tó ń jó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n sì da ìkùukùu ọ̀run yí i ká. Ghislain ń ya ìgbéyàwó lọ́jọ́ náà, kò ráyè lọ gbà á fúnra rẹ̀. Ó ní kí ọlọ́kọ̀ zẹ́mìjàn kan, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, bá òun gbà á, kó sì gbé e lọ tààrà sí Massè, kí ẹni tó ni ojú kọ́kọ́ rí i.

Ọlọ́kọ̀ zẹ́mìjàn náà fi okùn so férémù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ojú fótò sì kọ sí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó ṣe ń kọjá lọ ni Oyèfúnkẹ́ inú fótò ń wo gbogbo ènìyàn láàárín òdòdó àti àbẹ́là. Kò tíì kọjá ọjà Massè tán tí igbe fi sọ. Adùnọlá, àbúrò Fábíyì obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Oko-Akarè, wá ra ẹ̀gẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ó rí ojú ìyàwó wọn tó ń lọ lẹ́yìn alùpùpù. Ó ju apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lé orí, ó sì sáré tẹ̀ lé e dé ilé, pẹ̀lú ìdajì ọjà lẹ́yìn rẹ̀. Fábíyì wà lórí ọ̀pẹ nígbà tí wọ́n kígbe sí i láti ìsàlẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó di opó lórí ọ̀pẹ. Ó mọ̀ pé wọ́n jọ jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, síbẹ̀ ó sọ̀ kalẹ̀ débi pé ọ̀pẹ bó o láyà.

Oyèfúnkẹ́ ní tirẹ̀ wà nídìí epo. Ó gbọ́ ẹkún láti apá ilé, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ kíákíá pé ó ti já lórí ọ̀pẹ. Ó sáré pẹ̀lú epo ní ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Ní ojú ọ̀nà ó pàdé obìnrin méjì tó ń sunkún bọ̀, ó bi wọ́n pé ta ló kú. Wọn kò dáhùn, wọ́n ya bàrá wọ inú oko àgbàdo, ọ̀kan fi bàtà sílẹ̀. Nígbà tó dé àgbàlá, ẹkún dá bí ìgbà tí wọ́n pa redíò. Àwọn ènìyàn lanu. Àárín wọn ló gbà kọjá, ló fi rí ara rẹ̀ tó fara ti ògiri, òdòdó lọ́tùn-ún, òdòdó lósì, àbẹ́là ń jó fún un.

Fábíyì dé lẹ́yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú gbogbo ènìyàn, ohun tí kò ṣe rí. Ghislain náà ti gbọ́, ó já ìgbéyàwó sílẹ̀, ó sáré dé, ó ń mí hẹlẹ, ó ní, “Màmá, pàdọ́ọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n fi òdòdó sí i.” Kò sí ẹni tó gbọ́ tirẹ̀, nítorí pé Akíndèjì ti jáde. Ó ní ṣé wọ́n ti rí ohun tí òun wí, pé wọ́n ti sunkún alààyè nínú ilé òun, àfi kí wọ́n ṣètùtù. Ó na ọwọ́ sí fótò náà.

“Ẹ dáná sun ún,” ló wí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀ síwájú. Oyèfúnkẹ́ bọ́ sáàárín òun àti ògiri. Ó rò ó pé bí fótò yìí bá jó, bàbá Oko-Akarè kò ní wá, ìyàwó tíṣà kò ní wá, fàráńdà Cécile á ṣófo, òun náà á sì tún padà di ẹni tó lọ kí ọmọ ní Kútọnù. Ó ní, “Bàbá Lucien, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí ẹ bá máa sun ún, ẹ sun èmi náà mọ́ ọn, torí pé èmi nìyẹn.”

Lẹ́yìn náà ló wo òdòdó yẹn, inú sì bí i sí i ju ti Akíndèjì lọ. Ó yí férémù dojú bolẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Fábíyì fa ọ̀bẹ tó fi ń dá ẹmu yọ ní ìbàdí, ó nà án sí i. Ojú gbogbo ènìyàn ni Oyèfúnkẹ́ ti gé òdòdó kúrò, ó gé àbẹ́là, ó gé ìkùukùu. Ó ku obìnrin kan, agbada ẹyìn, àti ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Etí fótò náà kò gún mọ́, epo ọwọ́ rẹ̀ sì ti kan án níbi púpọ̀. Ó gbé e fún Ghislain, ó ní kó kà á sókè.

Ghislain kà á:

“Orúkọ mi ni Oyèfúnkẹ́. Massè ni mò ń gbé, epo ni mò ń ṣe. Jẹjẹrẹ ọmú ló mú mi. Kò dùn mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tì í. Wọ́n gé ọmú mi òsì. Mo sunkún rẹ̀, mo sì padà sídìí epo mi. N kò mọ ọjọ́ tó kù fún mi, ẹ̀yin náà kò mọ tiyín. Bí ọwọ́ rẹ bá kan kókó, má bò ó mọ́lẹ̀. Wá wò mí. N ó bá ọ lọ.”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ ní ìkọ̀kọ̀ fún ọdún kan ni wọ́n gbọ́ ní gbangba, ilẹ̀ kò sì lanu. Adùnọlá ló kọ́kọ́ mira. Òun ló sunkún jù láti ìgbà tí wọ́n ti gbé fótò dé, omijé náà kò sì tíì gbẹ lójú rẹ̀. Kò wo Oyèfúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló pa ìyá wa?”

Akíndèjì ní ṣé kò mọ̀ ni, ejò ni. Gbogbo Massè ló mọ̀ pé ejò ló bu ìyá wọn jẹ lóko.

“Ẹni tí ejò bù jẹ kì í pẹ́ nínú yàrá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò jẹ́ kí n wọlé. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rántí òórùn yẹn.”

Olórí ilé dúró síbẹ̀. Oyèfúnkẹ́ rí i bí ojú tó ti ń le láti ọdún wọ̀nyí ṣe rọ̀, tó wá dàbí ojú ẹni tó ti rẹ̀ tipẹ́. Ó jókòó sí etí pèpéle, ó sì sọ ọ́ ní ohùn kékeré, àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti sún mọ́ ọn kí wọ́n tó gbọ́.

“Ọmú rẹ̀ ni. Ohun kan náà tó ṣe Ìyá Gildas ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má sọ. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́, kò sí ẹni tó máa fẹ́ ọ.”

Oyèfúnkẹ́ ti ń bínú sí ọkùnrin yìí láti ọjọ́ tó ti Kútọnù dé, ó sì fẹ́ máa bínú lọ. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe é, kò sì lè sẹ́. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ó gbọ́ tí Adùnọlá rọra pè é. Obìnrin náà ti sún mọ́ ọn, ó sì ti fi ọwọ́ òsì di abẹ́ apá ọ̀tún ara rẹ̀ mú.

“Ìyàwó, ó wà níbí. Ó ti wà níbí láti ìgbà tí a ti kórè àgbàdo.”

Oyèfúnkẹ́ fẹ́ jókòó sílẹ̀ kó sunkún gidi, ẹkún tó tọ́ sí ọjọ́ náà. Kò sunkún. Ó ní, “Ó yá, ọkọ mi. A ń lọ sọ́dọ̀ Cécile.”

Adùnọlá ní kó jẹ́ ọ̀la, kí òun lọ sọ fún bàbá àwọn ọmọ òun ná, pé apẹ̀rẹ̀ òun ṣì wà nílẹ̀ lọ́jà.

“Èmi náà sọ pé ọ̀la,” ni Oyèfúnkẹ́ wí. “Ọ̀la yẹn ló gbé ọmú mi lọ.”

Ọlọ́kọ̀ zẹ́mìjàn náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa lu òun. Wọ́n ní kó tan ọkọ̀. Adùnọlá jókòó sáàárín, Oyèfúnkẹ́ gun ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan dì í mú ní ìbàdí. Ìgbà náà ni Akíndèjì dìde. Ó gba fótò náà lọ́wọ́ Ghislain, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku kúrò lójú rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó sì gbé e wá síbi alùpùpù. Kò sọ nǹkan kan nípa ilé mìíràn. Ó gbé e fún Oyèfúnkẹ́, ó ní, “Dì í mú dáadáa. Afẹ́fẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà.”

Oyèfúnkẹ́ kọ ojú fótò náà síta. Àwọn tí wọ́n ń pàdé lọ́nà Adja-Ouèrè rí ojú kan nínú ìwé, wọ́n sì rí ojú kan náà lókè rẹ̀, tó ń mí, tó ń kí wọn. Àyà Adùnọlá ń lù débi pé Oyèfúnkẹ́ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fún un mọ́ra sí i, ó sì ní kí ọlọ́kọ̀ sáré díẹ̀, kí Cécile má tíì ti ilẹ̀kùn.